Ọrùn gìtá láti Corona, Ensenada, Japan àti Indonesia: kí ni ìyàtọ̀ gan-an?

OlókùnMẹ́fà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Stratocaster, gìtá oníná ti ilé iṣẹ́ Fender, ni mo fẹ́ rà, ọrùn rẹ̀ ló sì jẹ mí lógún jù, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ń gbé. Ṣé lóòótọ́ ni èyí tí Fender ń ṣe ní Corona, ní Amẹ́ríkà, dára ju ti Ensenada ní Mẹ́síkò lọ? Ti Japan àti Squier (orúkọ tí Fender fi ń ta gìtá tí owó rẹ̀ kéré) tó ń ti Indonesia wá ńkọ́? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Agbẹ́gìtá:
Igi kọ́ ni ìyàtọ̀. Maple ni gbogbo wọn, scale wọn (gígùn ibi tí okùn ti ń gbọ̀n) kò yàtọ̀, ínṣì 25.5. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀rọ gbẹ́ igi tán ló ń gbé owó sókè. Ẹ wo American Professional II ti Corona: egungun ni nut rẹ̀ (ọ̀pá kékeré tí okùn gbà kọjá lókè ọrùn), 42.8 mm ni fífẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti fá etí fretboard (pátákó ojú ọrùn tí ìka ń tẹ okùn mọ́) kó rí róbótó, bí ọrùn tí wọ́n ti ń ta lọ́jọ́ tó pẹ́. Player àkọ́kọ́ ti Ensenada: nut egungun àtọwọ́dá, 42 mm, etí rẹ̀ ṣì mú díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Player II dé ní 2024, wọ́n ti ń fá etí tiẹ̀ náà. Squier Classic Vibe tó ń ti Indonesia wá sì ní nut egungun. Orúkọ oríṣi gìtá náà àti ọdún rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kí ẹ tó bèèrè orílẹ̀-èdè.

Ọwọ́Òsì:
Òótọ́ ni. Fún ti Japan, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 nílé iṣẹ́ FujiGen, púpọ̀ nínú wọn ń tẹ̀lé àwòṣe àtijọ́: radius (òṣùwọ̀n bí ojú fretboard ṣe wú) ínṣì 7.25, ìyẹn ni pé àárín fretboard wú sókè gan-an. Tí okùn bá wà nílẹ̀ jù, tí ẹ fà á lókè fret 12 (fret ni irin tín-ínrín tó dábùú fretboard), ohùn á kú pátápátá. Àwọn kan á ní iṣẹ́ náà kò dáa, bẹ́ẹ̀ bó ṣe wú ló fà á. Ẹ gbé okùn sókè díẹ̀, tàbí kí ẹ mú radius 9.5 tí kò wú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá ìdí ọrùn ni ẹnu truss rod (ọ̀pá irin inú ọrùn tí wọ́n ń yí láti mú un tọ́) wà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa tú ọrùn kí ẹ tó lè yí i.

Agbẹ́gìtá:
Àyẹ̀wò rèé. Ẹ tún ohùn okùn ṣe dáadáa, ẹ fi capo (ohun tó ń há gbogbo okùn mọ́lẹ̀) sí fret kìíní, ẹ tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fret tí ọrùn ti pàdé ara gìtá, kí ẹ fi feeler gauge (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti orí fret 8. Bíi 0.25 mm ló dáa fún radius 9.5. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún okùn tó tín-ínrín jù. Tí àlàfo méjèèjì bá jìnnà síra, ọrùn ti lọ́, truss rod kò lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ má rà á.

Tí àlàfo bá pọ̀, ẹ yí truss rod sí ọ̀tún, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo, ẹ tún ohùn okùn ṣe, ẹ wọ̀n ọ́n padà. Tó bá le, ẹ má fipá yí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fret rocker (irin tó tọ́ tí wọ́n fi ń wá fret tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ) lé fret mẹ́ta mẹ́ta. Tó bá ń mì, èyí tó wà láàárín ga. Ẹ tẹ ṣóńṣó rẹ̀ kí ẹ tó ronú àtifá a: tó bá wọlé, kò jókòó dáadáa ni, gúlúù ló nílò.

OlókùnMẹ́fà:
Ẹ ṣeun gan-an. Tí ṣóńṣó fret bá ń họ àtàǹpàkò ńkọ́?

Ọwọ́Òsì:
Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló fà á. Igi sún kì, irin kò sún kì, ni fret bá yọrí síta. Èyí lè ṣẹlẹ̀ sí ti Corona bó ṣe lè ṣẹlẹ̀ sí ti Indonesia. Ẹ fi gìtá sínú àpótí rẹ̀ níbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó bá ṣì yọ lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ fi fáìlì kékeré fá. Tí ẹ bá fá a nígbà tí igi gbẹ, igi á wú padà, ṣóńṣó fret á sì wọnú jù.