Ẹfun, ìkorò, tàbí ìpakan: orúkọ ohun tí à ń wọ̀n nínú omi iyùn

Ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń sìn iyùn ààyè, ẹ̀dá inú òkun tí ó ń kọ́ egungun líle fún ara rẹ̀, nínú àpótí gíláàsì ní ilé rẹ̀ ní Adó-Èkìtì dá a lábàá pé kí a máa pe kálísíọ́mù inú omi náà, èyí tí iyùn fi ń kọ́ egungun, ní ẹfun, kí a sì máa pe alkalinity, ohun kejì tí à ń wọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn bí omi ṣe lè gba ásíìdì mọ́ra tó, ní ìkorò omi. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ ọn.

Amọ̀ funfun ni ẹfun tí à ń wà nínú ilẹ̀. Ẹni tí ó bá gba orúkọ yẹn gbọ́ yóò dà á sínú omi, omi yóò rú, iyùn kò sì ní rí nǹkan kan fi kọ́ egungun rẹ̀. Ìkarahun ìgbín ìbá tilẹ̀ sún mọ́ ọn jù. Ẹ jẹ́ kí kálísíọ́mù máa jẹ́ kálísíọ́mù.

Ìkorò ni ó léwu jù, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé pH, ìwọ̀n bí omi ṣe kan tàbí ṣe korò tó, ni à ń sọ, bẹ́ẹ̀ omi méjì lè ní pH kan náà kí alkalinity wọn má dọ́gba. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọn alkalinity: wọn a bu omi díẹ̀ sínú ìgò kékeré, wọn a fi èròjà aláwọ̀ sí i, wọn a wá máa kán ásíìdì sí i, wọn a máa ka ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan títí àwọ̀ yóò fi yí padà. Bí omi ṣe lè gba ásíìdì mọ́ra tó ni wọ́n ń kà. Ẹni tí ó bá ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí kánún rí mọ̀ ọ́n: yóò hó yaya, kíkan yóò sì máa kú títí kánún yóò fi tán. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá pé kí a pe alkalinity ní agbára ìpakan, ìyẹn agbára láti pa kíkan, bí a ti ń sọ pé omi pa òùngbẹ. Ẹni tí kò bá fi àmì ohùn sí ìpakan lè kà á sí «ipá kan», ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí a yọ «agbára» kúrò níwájú rẹ̀.

Kí ẹ̀gbọ́n wa bá wa fi gbólóhùn yìí wò nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ (dKH ni òṣùwọ̀n tí a fi ń ka alkalinity): «Kálísíọ́mù jẹ́ 420 mílígíráàmù nínú lítà kan, agbára ìpakan jẹ́ 8 dKH, bí iyùn bá fi 20 mílígíráàmù kálísíọ́mù kọ́ egungun, agbára ìpakan yóò fi nǹkan bíi 2.8 dKH dín kù.» Kí ó fi ìkorò rọ́pò agbára ìpakan nínú rẹ̀, kí ó sì sọ fún wa bóyá ó ṣì yé e.