Ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ wá kó àwo orin wa lọ sun. Ṣé kí n kó o fún un?

Ojú Kìíní

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn níbí, n kì í dá sí i. Tèmi ló wá dé báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ àwo orin ni.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, lọ́nà Ìtòkú níbí, l'Ábẹ́òkúta. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, ríṣíìtì, gbogbo rẹ̀ ni mò ń tẹ̀. Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ohun méjì ni mo fẹ́ràn tí kò mú kọ́bọ̀ wọlé fún mi rí: orin àpàlà àti ewì. Ìyàwó mi ní ó ku ẹ̀kẹta, pé ọ̀rẹ́ mi yìí ni.

Ọdún 1993 ni mo mọ̀ ọ́n, nídìí ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta àwo àlòkù ní Kútọ̀. Àwo Àyìnlá Ọmọwúrà kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Èmi di etí kan mú, òun di etí kejì mú. Owó ọwọ́ mi kò pé, tirẹ̀ náà kò pé. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí á dá a jọ. A dá a. Ìgbà tí a rà á tán la wá rántí pé kò sẹ́ni tó ní ṣéńjà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo, nínú wa. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀kan ní Aké, aṣọ ni wọ́n fi bò ó bí ẹni bo òkú. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bí kò bá jẹ́ ilé mi, ilé rẹ̀ ni. Láfún àti ewédú, àwo kan tàbí méjì, a ó wá pa ẹ̀rọ, a ó máa sọ ohun tí a gbọ́. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìlù lábẹ́ orin. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ojú Kìíní ló ń pè mí, Ojú Kejì ni mò ń pè é, bí ojú àwo. Àwọn ọmọ wa dàgbà díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé a ní orúkọ mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí a jẹ́. Àwo ewì kan wà tó há. Bí abẹ́rẹ́ bá dé ibì kan lójú kejì, akéwì á ní "àfi kí, àfi kí, àfi kí," títí èèyàn á fi fi ìka ti apá ẹ̀rọ síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe há ewì yẹn sórí, tòun ti híhá rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kéwì náà níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, ó dé ibẹ̀, ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ọgbọ́n ewì ni. Èmi nìkan ni mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ó di àtúnbí. N ò bá a jà. Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí. Ó kàn dẹ́kun àtiwá lọ́jọ́ Àìkú ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí lórí fóònù. Kò pè mí ní Ojú Kìíní, "Bùrọ̀dá" ló pè mí. Ó ní wòlíì àwọn rí i pé ẹrù òun kan wà níta tó so òun mọ́lẹ̀, òun sì mọ̀ pé àwọn àwo yẹn ni. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú yìí wá kó tòun, òun fẹ́ lọ dáná sun ún.

Àwo náà jẹ́ 43. Bírò la fi ń kọ orúkọ ẹni tó sanwó sínú páálí. Mo ti kà á lánàá: 19 ni orúkọ rẹ̀ nìkan wà nínú rẹ̀, 11 jẹ́ tèmi, 13 jẹ́ ti àwa méjèèjì. Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo rẹ̀ wà láti ìgbà tí òjò ti ṣí òrùlé rẹ̀.

Kí ni kí n ṣe? Ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á.

Ọmọ Kútọ̀ Pọ́ńbélé

Ẹ̀gbọ́n, ṣebí àwo ló ní òun fẹ́? Ẹ kó tánganran ilé fún un, kó máa dáná sun ún títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Onílù Láfẹ́nwá

Ẹ má kó nǹkan kan fún un o! Ìlù ni mo jogún, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Kí ló wà nínú àpàlà? Ìlù ni, agídìgbo ni, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ni. Èwo nínú wọn ló so ó mọ́lẹ̀? Tó bá jẹ́ agogo ni, agogo ṣáà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Tó bá dé lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ìyàwó yín sọ pé ẹ lọ òde òkú ní Ìlaròó.

Ìyá Aládìrẹ

Onílù, ẹ fara balẹ̀. Irọ́ kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí.

Bùrọ̀dá wa, Ìtòkú kan náà la jọ wà, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti tẹ káàdì fún mi rí. Ẹ gbọ́ tèmi. Ìyá mi ló kọ́ mi ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ìyẹ́ adìẹ la fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá wà ni aró kò ní mú. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta ya aṣọ kan rí, n kì í gbàgbé rẹ̀, ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Oníbàárà kan rà á, kò tilẹ̀ dúnàádúrà. Lọ́jọ́ kan mo rí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ tó ń fi aṣọ náà nu mọ́tò ní Ṣàpọ́n. Mo dúró lójú títì bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Kí ni mo lè sọ? Owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù.

19 yẹn, tirẹ̀ ni. Ẹ kó o fún un. 13 yẹn, kò sí ẹni tó lè dá a sun, ẹ̀yin náà ẹ kò sì lè dá a ní. Ìyẹn ni kí ẹ sọ fún un.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan kò tíì yé mi. Ọgbọ̀n ọdún ni ẹ fi jọ ṣe é, ó wá di ọjọ́ kan, ó di àtúnbí, ó sá. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn gan-an? Ẹ ti fò ó.

Aláwo Dùgbẹ̀

Láti Ìbàdàn ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ mi. Èmi kò mọ̀ nípa ọ̀rẹ́, àwo ni mo mọ̀. Ọjọ́ mélòó ló kù? Ẹ gba orin inú wọn sílẹ̀ kó tó dé! Ẹ fi wáyà so ṣéńjà mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má kàn gbé fóònù síwájú ẹ̀rọ asọ̀rọ̀, ariwo adìẹ ni ẹ máa gbà sílẹ̀. Ojú kan ẹ́lípíì, àwo ńlá yẹn, máa ń tó nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kò sì sí bí ẹ ṣe lè sáré ẹ̀, bó ṣe ń kọrin ni yóò ṣe máa wọlé. 43 ní ojú méjì-méjì, ó lé ní wákàtí 28. Nítorí náà, 19 tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kò tó wákàtí 13.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fọ̀ wọ́n. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ kín-ún, aṣọ múlọ́múlọ́, ẹ máa nù ún yípo bí ìlà rẹ̀ ṣe lọ. Ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà àárín. Tí àwo àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 78 bá wà níbẹ̀, èyí tó máa ń fọ́ bí ìkòkò, ẹ má fi sípíríìtì kàn án rárá, á yọ́ ni. Òòró ni kí ẹ tò wọ́n sí, ẹ má tò wọ́n lérí ara wọn, ooru Abẹ́òkúta á ká wọn kò bí àkàrà.

Díákónì Ìbarà

Ẹ má bú ọkùnrin náà. Èmi náà sun tèmi.

Ọdún 2004 ni. Kásẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ níbẹ̀, páálí ọṣẹ méjì. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti dáná sí wọn, kásẹ́ẹ̀tì kì í jó bí ìwé, ó máa ń yọ́ ni, ó sì máa ń rùn. Ìyàwó mi kó ọmọ wọlé nítorí èéfín. Ara mi fúyẹ́ lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́. N kò kábàámọ̀ pé mo fi ayé mi fún Olúwa, bí mo ṣe ń kọ èyí náà, n kò kábàámọ̀.

Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú wọn tí kì í ṣe ti olórin. Níbi ìkómọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, bàbá mi ń ki oríkì nínú rẹ̀. N kò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kàn da páálí nù sínú iná. Ọmọ mi kékeré bi mí léèrè lọ́dún tó kọjá pé báwo ni ohùn bàbá àgbà ṣe rí. Mo sín in jẹ fún un. Kò jọ ọ́.

Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé kó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Onílù Láfẹ́nwá

Díákónì, ẹ ti pa mí lẹ́nu mọ́.

Tíṣà Àgbà

Àbúrò mi, mo ti lé ní àádọ́rin, nítorí náà mo lè sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ jọ ra àwo Àyìnlá, ẹ sì mọ bí Àyìnlá ṣe kú. Oṣù Karùn-ún ọdún 1980 ni, ní Abẹ́òkúta yìí náà, ní ilé ọtí. Àjèjì kọ́ ló pa á. Ẹni tó ti jẹ́ máníjà rẹ̀ rí ni, wọ́n ti jọ jẹ, wọ́n ti jọ mu. Ìjà tí èèyàn ìbá fi ẹ̀rín parí ló di ẹjọ́ òkú. Mo wà ní ìlú nígbà náà. Bí mo bá gbọ́ pé ọ̀rẹ́ méjì ń fa nǹkan mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọkàn mi ibẹ̀ ló máa ń lọ. Jọ̀ọ́, má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ti ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, Ẹ̀gbá ni wá. Sóbò Aróbíodu mú ohùn àrùngbè, orin Orò gan-an, ó fi kéwì, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Onígbàgbọ́ kà á, wọ́n há a sórí. Kò sẹ́ni tí ó so mọ́lẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n n kò ní kí o lọ fi èyí bá ọ̀rẹ́ rẹ jiyàn. Ẹni tó ń wá ohun tí yóò sun kì í gbọ́ ìtàn.

Ojú Kìíní

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti so wáyà mọ́ kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé, ọmọọṣẹ́ mi ló bá mi ṣe é.

Ìyá Aládìrẹ, ẹ mú mi. Òótọ́ ni pé mo fo nǹkan kan. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ni mo tẹ ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀, n kò gba owó. Ní ọjọ́ kẹjọ, tí gbogbo ènìyàn ti lọ, ó wá sílé mi, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó sin ọmọ. Mo rò pé orin mọ̀ ọ́n. Mo gbé àwo kan sí i fún un, èyí tí ọmọ náà máa ń jó sí nígbà tó wà ní kékeré. Kò tíì dé ìdajì tó fi dìde. Kò tún wọlé mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyá Aládìrẹ

Háà. Bùrọ̀dá.

Ẹ wá ń bi wá nípa àwo. Ẹ ti lọ kí i lẹ́yìn ìgbà náà?

Ojú Kìíní

Lẹ́ẹ̀kan, nílé rẹ̀ ní Àdátán. Ó wà ní ìsọjí. Mo dúró dè é díẹ̀, mo padà.

Ìyá Aládìrẹ

Ọdún mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan. Àdátán kọ́ ni Kánò. N kò fẹ́ bá yín wí níwájú ènìyàn, ẹ jù mí lọ. Ẹ kó àwo rẹ̀ fún un kó rí nǹkan sun. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ orin o, ẹ pe orúkọ ọmọ náà fún un. Kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́ nílé yẹn, mo lè fi aró mi búra.

Aláwo Dùgbẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, àwo tí ọmọ náà ń jó sí, nínú 19 ni àbí 13? Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀.

Ojú Kìíní

Nínú 11 ni. Tèmi ni.

Ọmọ Kútọ̀ Pọ́ńbélé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí fún ti tánganran àná.

Ojú Kìíní

Ó wá lánàá. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Àpò ńlá aláwọ̀ mèremère kan ló gbé lọ́wọ́. Ó ti rù, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ fẹ̀ jù ú. Ìyàwó mi gbé omi fún un, ó gbà á, kò mu ún. Mo ti to àwo rẹ̀ sórí tábìlì, mo nù wọ́n dáadáa. N kò mọ ìdí tí èèyàn fi ń nu ohun tí wọ́n fẹ́ sun.

Mo pe orúkọ ọmọ náà. Mo ní tó bá wà, ọdún yìí ni ì bá parí fásitì. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Lóṣù kẹsàn-án." Mo ní mo mọ̀. A jókòó báyẹn fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó ń ta búrẹ́dì kọjá níta, ó tún padà kọjá.

Mo ní 13 yẹn kò ní lọ. Ó ní òun kò bèèrè rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí kó tirẹ̀ sínú àpò. Bó ti ń kó o, ó ń yí ẹ̀yìn páálí kọ̀ọ̀kan wò, ó ń wo orúkọ tó fi bírò kọ. Ẹ rántí àwo ewì tó há yẹn? Tirẹ̀ ni. Orí ṣéńjà ló wà, mo ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ láti àárọ̀. Ibi tó dúró sí, ó ń rí i.

Ó bi mí pé, "Mélòó nìyí?"

Mo ní méjìdínlógún.

Ó ní, "Ó pé." Ó gbé àpò, ó jáde. Mo sìn ín dé ibi tí ó ti wọ ọ̀kadà.

Aláwo Dùgbẹ̀

Ẹ wò ó, n kò tíì lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ bi yín: mélòó lẹ gbà sílẹ̀ nínú 18 náà?

Ojú Kìíní

Mẹ́rìnlá. Iná lọ.