Máṣíìnì mi wà n'Ílọrin, ẹjọ́ mi wà l'Ógbómọ̀ṣọ́: tábìlì ọlọ́pàá wo ni kí n lọ dúró sí?

Ìyá Ìbejì Tákìé

Ẹ n lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ajílété. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ ọlọ́pàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀, orí mi ti dàrú.

Mo ra máṣíìnì Bajaj, mo gbé e fún ọmọkùnrin kan ní háyà pọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ 60 la jọ fọwọ́ sí, ₦12,000 lọ́sẹ̀. Ó san ọ̀sẹ̀ 19 láìyẹ̀, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ báyìí tí n ò gbúròó rẹ̀, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ni ọlọ́kadà kan bá lóun rí máṣíìnì náà n'Ílọrin, lágbègbè Post Office. Ẹlòmíì ló ń gùn ún, ó ní òun rà á ni.

Mo lọ sí àgọ́ kan níbí. Ẹni tó wà ní káńtà ní kí n lọ rí DCO. DCO ò sí. Wọ́n fà mí lé IPO lọ́wọ́, ìyẹn gba ₦15,000 lọ́wọ́ mi, ó lówó epo ni. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ti kan Ìlọrin, Area Command ló ni ín. Ẹlòmíì ní kí n gba Ìyágankú lọ n'Íbàdàn. Ọkọ àbúrò mi ní Zone l'Óṣogbo ló dáa jù, pé ibẹ̀ làwọn ọ̀gá pátápátá wà. Ta gan-an ni ọ̀gá ta?

Èyí tó wá ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Lánàá wọ́n lọ mú ẹ̀gbọ́n ọmọ náà obìnrin, èmi ni mo júwe ilé. Mo débẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn káńtà, abọ́ ẹ̀pà sísun rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi gèlè bò ó. Ó kí mi, "Ẹ káàárọ̀ mà." Mi ò rí ohùn dá a lóhùn.

Ọlọ́kadà Òwódé

Háyà pọ́ọ̀ṣì láyé ìsinsìnyí! Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ bá àwọn alága wa sọ̀rọ̀, wọ́n ní èèyàn n'Ílọrin ju ọlọ́pàá lọ.

Bàbá Fẹ̀yìntì Arówómọlé

Ìyá Ìbejì, ẹ fara balẹ̀. Ọdún 31 ni mo lò nínú iṣẹ́ yẹn.

Kò sí ohun tó ń jẹ́ ọlọ́pàá Ògbómọ̀ṣọ́. Nílùú òyìnbó, ìlú kan lè ní ọlọ́pàá tirẹ̀, kí ó máa san owó oṣù wọn. Tiwa, òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ní ẹyọ kan ṣoṣo ni fún gbogbo Nàìjíríà. (Bàbá mi máa ń sọ ìtàn àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀, kí ológun tó gbàjọba ní 1966. Ó ní wọ́n mọ ilé gbogbo olè. Ó tún ní wọ́n mọ ilé gbogbo alátakò olóṣèlú.) Ìdí nìyẹn tí alága káńsù ò fi lè pàṣẹ fún DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá. IGP, ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá, wà l'Ábùjá. AIG, olùrànlọ́wọ́ IGP tó ń bójú tó wa, wà ní Zone 11, l'Óṣogbo; ìpínlẹ̀ bíi mélòó kan ló ń wà nínú Zone kan. Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà ní Ẹlẹ́yẹlé n'Íbàdàn. Area Commander wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, abẹ́ rẹ̀ làwọn DPO wà, kálukú pẹ̀lú àdúgbò tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní division.

Nínú division náà, káńtà lẹ ó kọ́kọ́ bá. Ìwé gbàǹgbà kan wà níbẹ̀, station diary. Ohun tí kò bá wọnú ìwé yẹn, kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ béèrè nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n kọ tiyín. DPO ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí ẹ̀sùn pé kí wọ́n fún ẹni báyìí. DCO ni olórí àwọn tó ń tọ pinpin ọ̀ràn, IPO ni ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fáìlì fún. Àwọn tó ń gbé ìbọn dúró lójú títì, Operations nìyẹn. Ti ọkọ̀ tó forí gbárí, MTD. Bí ẹ bá lọ ro ẹjọ́ máṣíìnì fún ẹni Operations, yóò kàn máa mi orí ni.

Ìyágankú ni State CID, ẹ̀ka tó ń tọ pinpin ọ̀ràn ńlá ní ìpínlẹ̀. Ìpànìyàn, ìdigunjalè, jìbìtì ńlá ló ń lọ síbẹ̀. Tiyín, wọ́n á gba ìwé yín, wọ́n á sì dá a padà sílé. Ẹ ó ti wọkọ̀ Ìbàdàn lásán.

Ìlọrin ló le díẹ̀. Kwara ní kọmíṣọ́nnà tirẹ̀, Zone wọn gan-an, Lókòjá ni. IPO yín ò lè kàn gun ọkọ̀ lọ gbé máṣíìnì. Ó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lókè. Tó bá sì débẹ̀, àgọ́ tó ni àdúgbò ni yóò ti kọ́kọ́ fara hàn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ Area yẹn, àmọ́ DPO ló yẹ kó gbé e lọ, kì í ṣe ẹ̀yin.

Àdùkẹ́ Sábó

Bàbá, ẹ ò sọ̀rọ̀ kan owó epo o 😏

Bàbá Fẹ̀yìntì Arówómọlé

Ìjọba ló yẹ kó pèsè epo, ọmọ mi. Mi ò ní tàn yín. Láyé tèmi, pépà tí a fi ń gba sítétímẹ́ǹtì, àwa la máa ń rà á nígbà mìíràn. Ìyẹn ò ní kó tọ́.

Lọ́yà Ìjẹrù

Màmá, ẹ ṣọ́ra fún bí ẹ ó ṣe sọ ọ́. Bí ẹ bá ní "kò san owó mi," gbèsè nìyẹn. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020, abala 32, ní wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀, kóòtù lẹ máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí àdéhùn yín bá ní máṣíìnì ṣì jẹ́ tiyín títí owó á fi pé, tó wá tà á, olè nìyẹn. Èyí ni kí ẹ kọ sínú ìwé ẹ̀sùn sí DPO, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣásíìsì.

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn, ẹ tètè lọ. Abala 36 òfin yẹn kan náà: wọn kì í mú ẹlòmíì dípò ẹni tó ṣẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 24 lọ lọ́dọ̀ wọn láìfojú kan kóòtù, torí kóòtù wà nítòsí. Béèlì ò lówó.

Ìyá Ìbejì Tákìé

IPO ní tí a bá mú obìnrin yẹn, àbúrò rẹ̀ á jáde fúnra rẹ̀.

Àdùkẹ́ Sábó

Àǹtí, ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé.

Lọ́yà Ìjẹrù

Bí ó bá pẹjọ́ lọ́la, orúkọ ẹni tó júwe ilé á wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fi í sílẹ̀, ẹ lọ bá DPO fúnra rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ Area Commander. Complaint Response Unit tún wà l'Ábùjá láti 2015, wọ́n ń gba ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá.

Ìyá Ìbejì Tákìé (ìrọ̀lẹ́)

Mo ti rí DPO. Mo sọ fún un pé èmi ò fẹ̀sùn kan obìnrin yẹn. Ó pe IPO, ó bi í léèrè ẹni tó ní kó mú un, ìyẹn ò lè fèsì. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Ẹ̀pà rẹ̀ ti rọ̀. Mo fẹ́ san owó rẹ̀, kò gbà, ó ní àbúrò òun ló ń jẹ mí, kì í ṣe òun. Owó epo? Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀, èmi náà ò sì lè béèrè.

DPO ti kọ ọ́ sórí ìwé mi pé kí DCO gbé e lọ sí Area nítorí Ìlọrin. Wọ́n ní kí n mú rìsíìtì wá lọ́la. Lọ́yà, ṣé fọ́tò rẹ̀ tó wà nínú fóònù mi tó?

Lọ́yà Ìjẹrù

Rárá mà. Ẹ mú ojúlówó dání kí wọ́n fi ojú rí i, fọ́tòkọ́pì ni kí ẹ fún wọn. Àdéhùn náà, bákan náà.