Ṣé kí a ṣì lọ sí Mòrókò lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀?

Ìbéèrè (oṣù kẹsàn-án ọdún 2023)

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín o. Èmi àti ọkọ mi ti sanwó ìsinmi wa ní Mòrókò kí ilẹ̀ tó mì níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Oṣù tó ń bọ̀ ló yẹ kí a lọ. A fẹ́ dé Marrakech, kí a sì gun òkè Atlas ní agbègbè Al Haouz, níbi tí àjálù náà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Àwọn tó kú ti lé ní 2,900. Ọkọ mi ní kò bójú mu kí a máa gbafẹ́ níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣọ̀fọ̀. Èmi ń rò ó pé bí gbogbo àlejò bá sá, kí ni àwọn tó ń fi àlejò jẹun yóò jẹ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Èsì kìíní

Ẹ kú ìrònú o. Ẹ kọ́kọ́ ya ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára òkè. Ibi tí ilẹ̀ ti mì jìn sí Marrakech tó nǹkan bí kìlómítà 70, bó sì tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ilé kan wó ní ìgboro àtijọ́ rẹ̀, pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àwọn ilé ìtura sì ń gba àlejò. Kódà, àjọ ìṣúná owó àgbáyé (IMF) àti Báńkì Àgbáyé ti kéde pé ìpàdé ọlọ́dọọdún wọn yóò wáyé níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá gẹ́gẹ́ bí ètò. Ti àwọn abúlé orí òkè kò rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wọn, wọ́n sì ti wó lulẹ̀. Ọ̀nà tóóró tí àpáta ya bò náà ni àwọn ọkọ̀ tó ń kó àgọ́, oúnjẹ àti àwọn tó fara pa ń gbà. Ẹ má ṣe dí wọn lọ́nà.

Èsì kejì

Ẹ ka ìwé àdéhùn yín kí ẹ tó fagi lé ohunkóhun. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú bá ṣì ń fò, tí ìjọba yín kò sì kìlọ̀ pé kí ẹ má lọ, iléeṣẹ́ adójútòfò kì í sábà dá owó padà fún ẹni tó kàn yí ọkàn padà. Ó máa ń rọrùn jù láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú.

Èsì kẹta

Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ bá ń fẹ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Nígbà tí iná jó ìlú Lahaina ní oṣù kẹjọ, ìjọba ìpínlẹ̀ Hawaii ní Amẹ́ríkà ní kí àlejò kúrò ní ìwọ̀ oòrùn erékùṣù Maui, nítorí pé àwọn tí ilé wọn jóná nílò yàrá ilé ìtura. Ní erékùṣù Phuket ní Thailand ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn omíyalé láti inú òkun (tsunami) ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2004, àlejò pa ibẹ̀ tì débi pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtura tí omi kò tilẹ̀ dé. Ẹ pe ẹni tó fẹ́ mú yín gun òkè, kí ẹ bi í léèrè. Bí kò bá sì ṣeé ṣe mọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gba owó àsansílẹ̀ yín padà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé ilé tirẹ̀ náà ti wó.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. A ti pè é: ara ẹbí rẹ̀ le, ṣùgbọ́n inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn. A ti ní kó mú owó náà. A ó dé Marrakech, a ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú Fez dípò òkè. Ọkọ mi náà ti gbà bẹ́ẹ̀.