Ta ló ti fi ìgbòkun gun skateboard rí n'Ìbàdàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mọ́kọ́lá ni mò ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gun skateboard, pákó oní-táyà kéékèèké tí à ń dúró lé lórí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti rí àwọn tó di ìgbòkun mú lórí ẹ̀, tí atẹ́gùn ń gbé wọn lọ, ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé ìgbòkun windsurfing (eré fífi ìgbòkun gun pákó lórí omi) ni wọ́n sábà máa ń lò, àti pé kékeré ti tó lórí ọ̀dà, torí táyà ń yí wẹ́rẹ́ ju bí pákó ṣe ń la omi lọ.

Atẹ́gùn gan-an ló ń dà mí láàmú. Ìbàdàn kì í ṣe etí òkun; òkè pọ̀, ilé fún pọ̀. Lásìkò òjò, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá. Ọyẹ́ sì ń ti àríwá ìlà-oòrùn bọ̀. Èwo ló dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́? Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo so tapólì mọ́ ọparun. Mi ò tíì rìn jìnnà tí atẹ́gùn fi yí padà lójijì, ó gbé mi ṣánlẹ̀, orúnkún mi bó. Akoto wà lórí mi, mo dúpẹ́.

Ṣé kí n wá pákó oní-táyà ńlá tí wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́, torí òkúta wẹ́wẹ́? Ṣé wẹ́dà lè ṣe oríkèé ìdí òpó tó gbé ìgbòkun dúró, èyí tó máa jẹ́ kó tẹ̀ síbi gbogbo? Ibo la ti lè rí ilẹ̀ gbalasa tó ní ọ̀dà, tí mọ́tò ò sí? Ẹni tó bá ti lo ìgbòkun lórí omi l'Ékòó náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.