Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ò san owó ìrìnàjò Àgbádárìgì mọ́, kí ni kí n ṣe?

Olùdarí Ọ̀dọ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ẹ bá mi dá sí i. Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ìjọ wa. A jọ sọ ọ́, a jọ fẹnu kò pé Àgbádárìgì la máa lọ lọ́tẹ̀ yìí, ká lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ àti ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìyìn rere, ká sì sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọkọ̀. Èèyàn 26 ló kọ orúkọ sílẹ̀. Mo ṣírò owó, mo kéde rẹ̀ ní sọ́ọ̀ṣì, mo tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Èèyàn mọ́kànlá péré ló san. Bí mo bá kọ nǹkan sórí WhatsApp, wọ́n á kà á, wọn ò ní fèsì. Àwọn yìí kan náà ni wọ́n ń ra aṣọ ẹbí tó ju owó yìí lọ o! T-shirt tí mo ní kí wọ́n tẹ̀ ti jáde, aláwọ̀ búlúù, orúkọ ìjọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tún ní búlúù yẹn ti pọ̀ jù.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ọjọ́rú. Sìsítà kan wà tó máa ń da ìjíròrò rú. Bí a bá ti ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á ju ìbéèrè sáàárín wa bí ẹní sọ òkò. Ó ti mú kí àwọn kan má wá mọ́. Ṣé kí n fagi lé ìrìnàjò yìí ni, àbí kí n kó àwọn tó ti san lọ, kí àwọn tó kù máa wo fọ́tò?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Bùrọ̀dá. Ẹ ò sọ iye tí ẹ ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ ò sọ ọjọ́, ẹ ò sọ ibi tí ẹ ti ń gbéra. Àwọ̀ T-shirt lẹ sọ.

Akápò Ìjọ
Ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ owó. Oríṣi owó méjì ló wà nínú ìrìnàjò. Ọ̀kan kì í yí padà bó ti wù kí èrò pọ̀ tó: owó ọkọ̀, owó afinimọ̀nà. Ìkejì ń tẹ̀lé iye orí: oúnjẹ, ọkọ̀ ojú omi, owó ìwọlé. Ká ní ₦260,000 ni ọkọ̀. Bí èèyàn 26 bá lọ, ₦10,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí 20 bá lọ, ó di ₦13,000. Bó bá jẹ́ àwọn mọ́kànlá tó ti san yìí nìkan, ó lé ní ₦23,600, fún ọkọ̀ nìkan o. Torí náà, iye orúkọ tó wà nínú ìwé kọ́ lèèyàn fi ń pín owó ọkọ̀. Iye èèyàn tó dá yín lójú ni kí ẹ fi pín in, kí ẹ sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé àròpọ̀ nítorí ohun tí a ò rò tì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dá a padà. Àkáǹtì ta ni owó náà ń wọ̀?

Olùdarí Ọ̀dọ́
₦18,500 ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àkáǹtì mi ló ń wọ̀. Ti ìjọ, ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, ó sì máa ń falẹ̀. Mi ò jí owó ẹnikẹ́ni o. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀ la máa lọ. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, ní aago mẹ́sàn-án, la máa gbéra, a ó sì padà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Akápò Ìjọ
Ẹnikẹ́ni ò pè yín lólè. Àmọ́ nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe ní kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i. Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ pátákó yẹn: iye tó wọlé, iye tó jáde, ohun tí wọ́n fi rà, àti rìsíìtì. Ìwé kan ṣoṣo. Á ṣiṣẹ́ ju ìkéde mẹ́wàá lọ.

Dérébà Sọ́ọ̀ṣì
Aago mẹ́sàn-án láti ibo?

Olùdarí Ọ̀dọ́
Ìbàdàn.

Dérébà Sọ́ọ̀ṣì
Ìbàdàn kẹ̀! Gbogbo wa rò pé Èkó lẹ wà. Ìrìn náà súnmọ́ kìlómítà 200, ṣùgbọ́n kìlómítà kọ́ ló ń jẹ àkókò. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ máa dá yín dúró bẹ́ ẹ bá ti ń wọ Èkó, á tún dá yín dúró láti Mile 2 dé Òkòkòmáìkò. Lẹ́yìn Àgbárá, ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù àti imigiréṣọ̀n ló kún títì, torí ọ̀nà bodè Sẹ̀mẹ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá kúrò nílé ní mẹ́sàn-án, ọwọ́ ọ̀sán lẹ máa débẹ̀, òru lẹ sì máa fi rin ọ̀nà padà. Ẹ má rin òru. Ẹ jẹ́ kí táyà ti máa yí ní aago márùn-ún ìdájí, kí ẹ sì kúrò ní Àgbádárìgì, ó pẹ́ tán, aago mẹ́ta ọ̀sán. Bí ìyẹn bá ṣòro, ẹ sùn mọ́jú níbẹ̀.

Dérébà méjì ni kí ẹ mú. Ẹ wo ara táyà kí ẹ tó san owó tó kù: nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ìparí ìlà tí lẹ́tà DOT bẹ̀rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. 2322 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2022. Táyà tó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, bó ti wù kí ojú rẹ̀ tutù tó, ẹ má gbé ọmọ ọlọ́mọ lé e. Ẹ tún wo táyà ìpààrọ̀, jáàkì, àti ohun ìpaná. 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kí ó wà lórí fóònù ju ẹnì kan lọ.

Wòlíì Kékeré
Gbogbo yín ń sọ táyà, ẹ ò bèèrè ohun tí ọ̀dọ́ Kristẹni ń wá nítòsí ojúbọ Vlekete. Ẹ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ná. Bí Ọlọ́run bá fọwọ́ sí i, owó á wọlé.

Bàbá Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Ìsinmi
Ọjà ẹrú Vlekete ni àwọn èèyàn ń lọ wò. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹnikẹ́ni bọ nǹkan kan. Bí ẹ̀rí ọkàn ẹnì kan ò bá gbà á, kó dúró síta, kò sí tipátipá. Ibi tó kan ìjọ gan-an ò jìnnà síbẹ̀: oṣù kẹsàn-án 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, dé Àgbádárìgì, abẹ́ igi Àgíyà ni wọ́n sì ti wàásù. Igi náà wó ní 1959, ohun ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, 1845 ni wọ́n kọ́ ọ tán.

Wòlíì Kékeré
Mi ò bá yín jà, sà. Ààwẹ̀ ni mo sọ.

Sísì Akọrin
Ẹ forí jì mí, mi ò tíì gbọ́ ìbéèrè tí sìsítà yẹn bi. Kí ló bi yín gan-an?

Olùdarí Ọ̀dọ́
A ń múra ìrìnàjò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mò ń ṣàlàyé bí ìyìn rere ṣe wọlé. Ó ní: "Àwọn tó ra àwọn baba wa, ṣebí Bíbélì wà lọ́wọ́ wọn? Àwọn tó tà wọ́n ńkọ́, ṣebí ara wa ni? Bí a bá dé ibi tí wọ́n ti ń kó wọn sọkọ̀, kí la máa sọ, àbí fọ́tò la kàn fẹ́ yà?" Mo ní kó lọ gbàdúrà sí i, mo sì ní ká lọ sórí kókó tó kàn. Kí ni kí n tún sọ? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù kí ìpàdé parí.

Ìyá Ìbejì
Ìgbà wo lowó dáwọ́ wíwọlé dúró?

Olùdarí Ọ̀dọ́
Ẹni tó san kẹ́yìn, Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ló san. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú kòńgẹ́.

Bàbá Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Ìsinmi
Ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìrìnàjò yìí. Ẹ pín in sí mẹ́ta. Ọjọ́rú tó ṣáájú, ẹ sọ ìtàn Àjàyí Crowther bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Àgbádárìgì ni wọ́n ti gbé e sọkọ̀. Èkó ni. Òṣogùn ni ogun ti kó o ní 1821, wọ́n ń tà á látọwọ́ dé ọwọ́, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Ní 1845 ó dé Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, ní 1846 ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25.

Lọ́jọ́ ìrìnàjò, ìṣẹ́jú 15 ti tó fún ẹ̀kọ́, nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Ẹ má ṣe é nínú ọkọ̀ tó ń lọ, ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn kì í jẹ́ kí dérébà gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dé ilé Ṣèríkí Williams Abass, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé wọ́n ti ta òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú rí ní kékeré, kó tó wá di ẹni tó ń ta èèyàn. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń sọ ẹni tí wọ́n tà di olùtà, kí ẹ sì dákẹ́.

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e lẹ máa wá ṣí Bíbélì: Ẹ́kísódù 21:16, tó dájọ́ ikú fún ẹni tó jí èèyàn tà, 1 Tímótì 1:10, tó ka irú wọn mọ́ àwọn aláìlófin, àti Fílémónì, lẹ́tà Pọ́ọ̀lù nípa ẹrú kan, ẹsẹ 25 péré. Ẹ pín àwọn ọ̀dọ́ náà sí ẹgbẹ́ ẹni mẹ́fà tàbí méje. Olùdarí ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá ti dáhùn kí ẹlòmíràn tó la ẹnu, ìjíròrò ti kú nìyẹn. Ẹni tí ojú ń tì, kó kọ ìbéèrè sínú ìwé láìfi orúkọ sí i. Èyí tí apá yín ò ká, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún pásítọ̀.

Sísì Akọrin
Mo fara mọ́ ọn. Ti ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Òwúrọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọdá, ọ̀sà máa ń parọ́rọ́ nígbà yẹn, oòrùn ò sì tíì mú fún ìrìn inú yanrìn tó wà ní Gberefu. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọ life jacket, kí wọ́n de gbogbo okùn rẹ̀. Àwọn kan máa ń gbé e kọ́ ọrùn lásán torí fọ́tò. Bí èèyàn bá já sómi, á yọ lọ́rùn ni. Ẹ ka èrò ní èbúté, ẹ tún kà á bí ẹ bá gúnlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wọ inú òkun lódì kejì, ìgbì ibẹ̀ ń fa èèyàn lọ.

Olùdarí Ọ̀dọ́
Ẹ ṣé. Àmọ́ ẹ má sọ sìsítà yìí di olódodo, èmi ẹlẹ́ṣẹ̀. Kò yẹ kó máa bi wá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ṣebí òun ló kọ́kọ́ dá àbá pé ká lọ. Ọmọ ibẹ̀ ni. Ọmọ Ẹ̀gùn Àgbádárìgì, ilé bàbá rẹ̀ ò jìnnà sí etí ọ̀sà.

Akápò Ìjọ
Jésù! Ọmọ onílé wà láàárín yín, ẹ ní kó lọ gbàdúrà sí i?

Ìyá Ìbejì
Kì í ṣe òkò ló sọ o, Bùrọ̀dá. Ìlú rẹ̀ lẹ fẹ́ kó èrò lọ, ó ń bi yín bí ẹ ṣe máa ṣe níbẹ̀ ni.

Bàbá Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Ìsinmi
Ẹ má tún wá sọ ọ́ di afinimọ̀nà ọ̀fẹ́. Ẹ san owó afinimọ̀nà ní mùsíọ́ọ̀mù bó ṣe yẹ. Bó bá gbà, kó bá yín bá ọlọ́kọ̀ ojú omi dúnàádúrà ní Ẹ̀gùn, kó sì bá yín wá ibi tí ẹ máa sùn. Ẹ má gbé ìdáhùn ìbéèrè náà lé e lórí, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ wọn.

Olùdarí Ọ̀dọ́
Ṣé kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp?

Ìyá Ìbejì
Ẹ pè é. Kì í ṣe lórí gúrúùpù, kì í ṣe fóìsì nóòtì. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè àlàáfíà àwọn ará ilé rẹ̀.

Dérébà Sọ́ọ̀ṣì
Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí táyà.

Olùdarí Ọ̀dọ́
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí onímọ́tò yà á ránṣẹ́. 0916 ló wà lára méjèèjì ẹ̀yìn. Ó ní wọ́n ṣì lágbára.

Dérébà Sọ́ọ̀ṣì
2016 nìyẹn. Ẹ wá ọkọ̀ míì.