Páìpù wo àti ìsopọ̀ wo ló yẹ fún ẹ̀rọ tí ń fa eruku pákó ní ṣọ́ọ̀bù ilé?

Káfíńtà Ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ igi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ilé, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 6, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 4. Ayùn orí tábìlì, ẹ̀rọ ìfági àti bándísọ́ọ̀ (ayùn tó rí bí bẹ́líìtì) ló wà nínú rẹ̀, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tí ń fa eruku, tí mọ́tọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.5 HP. Ẹnu ẹ̀rọ náà gan-an jẹ́ ínṣì 5, àmọ́ wọ́n fi orí oníhò méjì dé e, ihò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ínṣì 4. Láti ìgbà tí mo ti rà á, họ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni mò ń yọ nídìí ẹ̀rọ kan tí mò ń kì bọ ìdí òmíràn, ó sì ti sú mi.

Mo fẹ́ kí páìpù gba òkè ògiri kọjá, kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ṣé PVC tí wọ́n ń lò fún omi ìdọ̀tí ni kí n rà, àbí páìpù páànù? Ṣé ínṣì 4 tó, àbí kí n lo 6? Ẹnì kan ti dẹ́rù bà mí pé PVC máa ń kó iná mànàmáná jọ sára, pé ó lè mú kí eruku gbiná. Mo tún gbé họ́ọ̀sì mi lọ wọn PVC náà wò, kò wọ inú rẹ̀, kò sì gba ìta rẹ̀. Díẹ̀ báyìí ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀ kí n tó náwó.

Ìfági

Kí ẹ tó béèrè bóyá PVC ni tàbí páànù, ẹ kọ́kọ́ ro ti afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ yín lè fà, nítorí pé fífẹ̀ páìpù ló máa pinnu bóyá eruku á dé inú àpò. Ohun tí wọ́n fi ṣe páìpù náà kò fi bẹ́ẹ̀ nípa lórí ìyẹn. Kí èérún pákó má baà jókòó sínú páìpù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sáré tó nǹkan bíi mítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní eré yẹn, páìpù ínṣì 4 á gba nǹkan bíi mítà kúbíìkì 580 ní wákàtí kan, ínṣì 5 á gba nǹkan bíi 910, ínṣì 6 á sì gba nǹkan bíi 1,310. Ínṣì 2 péré ló wà láàárín 4 àti 6, ṣùgbọ́n àyè inú 6 ju ìlọ́po méjì ti 4 lọ. Bí ẹ bá sì ní dandan, kí iye afẹ́fẹ́ kan náà gba inú ínṣì 4, ìdènà tí ara páìpù máa ṣe fún un á tó ìlọ́po méje àti ààbọ̀ èyí tó máa bá pàdé nínú ínṣì 6.

Àwọn kan á wá ní kí ẹ kúkú lọ ra ínṣì 6. Mọ́tọ̀ 1.5 HP kò lè mú kí afẹ́fẹ́ inú ínṣì 6 sáré tó bó ṣe yẹ, èérún ẹ̀rọ ìfági á sì máa tò sínú páìpù tó bá nà gbalaja, títí yóò fi dí. Iye afẹ́fẹ́ tí ẹ rí lára páálí ẹ̀rọ náà kò gbọ́dọ̀ tàn yín jẹ, torí pé láìsí páìpù kankan lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n ọ́n. Ẹ yọ orí oníhò méjì yẹn kúrò, kí ẹ sì fi ínṣì 5 ṣe páìpù àgbà láti ẹnu ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀ka tó lọ sídìí bándísọ́ọ̀ lè jẹ́ 4. Ti ayùn orí tábìlì àti ìfági, kí ẹ gbé 5 sún mọ́ wọn títí dé ibi tó bá ṣeé ṣe, kó tó di pé ẹ fi rìdúsà sọ ọ́ di 4.

Kì í ṣe èérún tí à ń rí nílẹ̀ la tìtorí rẹ̀ ń ṣe gbogbo wàhálà yìí. Eruku tí ojú kò rí ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, sì ti ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn láti ọdún 1995. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ ló ń kó irú eruku bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, èérún á lọ, eruku kíkúnná á sì kù fún yín láti fà símú.

Onípáànù

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ìfági lórí fífẹ̀ páìpù. Lórí PVC àti páànù, mo ti lo méjèèjì, méjèèjì ló sì ń ṣiṣẹ́. Inú PVC dán, kì í tètè jò, ayùn ọwọ́ lásán lẹ sì máa fi gé e. Èyí tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ fún omi ìdọ̀tí ti tó. Èyí tó nípọn kò ní í fa eruku jù ú lọ, ìwúwo rẹ̀ á kàn máa fa ohun tí ẹ fi gbé e kọ́ ya lára ògiri ni.

Ìdí páànù ni mo ti rí màbo. Páìpù ẹ̀rọ amúlétutù ni mo kọ́kọ́ rà, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á wọlé. Ẹ̀rọ tèmi jẹ́ 3 HP. Lọ́jọ́ kan mo ti ilẹ̀kùn gbogbo ẹ̀ka (ìdérí tí à ń fà láti ṣí páìpù tàbí láti tì í) pa láìfura, mo tan ẹ̀rọ, mo sì gbọ́ gbàmù lókè orí mi. Kí n tó gbójú sókè, páìpù tó gùn tó mítà 2 ti pẹlẹbẹ bí agolo tí ọkọ̀ gorí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í fọwọ́ kan páànù tó bá fẹ́lẹ́ ju géèjì 26 lọ, ìyẹn nǹkan bíi 0.55 mìlímítà.

Bí ẹ bá lo páànù, ẹ kíyè sí ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Orí tí wọ́n ká lẹ́tí, tó ń wọ inú èkejì, ìhà ẹ̀rọ tí ń fa eruku ni kó kọjú sí, kí èérún tó ń bọ̀ má baà rí etí kankan kọ́ sí. Wáì (ìsopọ̀ tó rí bí lẹ́tà Y) tí wọ́n ṣe fún amúlétutù sábà máa ń wà ní òdìkejì ìyẹn, torí pé afẹ́fẹ́ tó ń pínyà ni wọ́n ṣe é fún, tiwa sì ń pàdé pọ̀ ni.

Ní ti iná, òótọ́ ni pé PVC lè ta yín lọ́wọ́ jìgì nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbẹ, ẹ sì lè we wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn láti ìta láti dín in kù. Ẹ má gba inú páìpù fà á, nítorí èérún gígùn á lọ́ mọ́ ọn, páìpù á sì dí. Eruku inú páìpù ṣọ́ọ̀bù ilé kì í sábà pọ̀ tó èyí tó lè búgbàù. Ohun tí èmi ń bẹ̀rù ni ìṣó tó bá wọlé, tó ta iná lára abẹ̀bẹ̀ irin, tí iná náà wá ń jó jẹ́jẹ́ nínú àpò eruku lẹ́yìn tí ẹ ti lọ sùn. Ẹ má fi ẹ̀rọ yẹn gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láé.

Ojú Ayùn

Ẹ ti sọ ti páìpù tán, ìsopọ̀ ló kù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti ń pàdánù afẹ́fẹ́. Ẹ má lo tíì (ìsopọ̀ tó rí bí lẹ́tà T). Afẹ́fẹ́ tó bá tíì wọlé máa ń forí sọ ògiri páìpù kó tó yà, ṣùgbọ́n wáì máa ń mú un wọlé ní ìdágẹ̀rẹ́. Ní orígun, ẹ so ẹ́líbò (ìsopọ̀ tó tẹ̀) oní-dígírì 45 méjì pọ̀, kí ẹ sì fi páìpù kúkúrú kan sáàárín wọn, dípò ẹ́líbò 90 kan tó ṣẹ́ gan-an. Ẹ̀gbẹ́ tàbí òkè páìpù àgbà ni kí ẹ̀ka ti wọlé. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni, èérún tó ń kọjá á máa já bọ́ sínú ẹ̀ka tó wà ní títì.

Ìfági, ẹ jẹ́ n ta kò yín díẹ̀ lórí ínṣì 6. Ìsopọ̀ PVC ínṣì 5 kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. 6 ni mo lò fún páìpù àgbà tèmi, mọ́tọ̀ mi kò sì ju 2 HP lọ, àmọ́ mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ka méjì lẹ́ẹ̀kan náà bí mo bá ń fági, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè sáré. Mo gbà pé ẹ̀rọ tó kéré sí tèmi lè má ṣe é.

Ní ti họ́ọ̀sì tí kò wọlé: mo gé igi róbótó kan tó dọ́gba pẹ̀lú ẹnu inú họ́ọ̀sì mi, mo fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná yí ẹnu PVC ká títí tó fi rọ̀ bí awọ, mo wá tì í bọ orí igi náà tààrà kí ó tó tutù. Ẹ máa yí i bí ẹ ti ń mú un gbóná, kí ẹ sì ṣe é níta gbangba. Bí ó bá ti ń yí pupa rúsúrúsú, ó ti ń jóná nìyẹn, èéfín rẹ̀ kò sì dára. Bí ẹ kò bá fẹ́ dá ara yín láàmú, rọ́bà ìsopọ̀ àti kílíìpù irin méjì á ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ ìsopọ̀ kankan. Ẹ máa sún ẹ̀rọ kan kúrò láyè rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì ní í ṣeé tú mọ́. Sùkúrúù kúkúrú méjì àti téèpù alumíníọ̀mù ti tó. Téèpù aláṣọ máa ń gbẹ, á sì ṣí.

Káfíńtà Ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Páànù ínṣì 5 ni màá fi ṣe páìpù àgbà, torí mo ti rí ẹni tó lè ká a fún mi ní géèjì 26. Ìbéèrè méjì ló kù: ṣé kí họ́ọ̀sì tó wà nídìí ìfági máa jẹ́ mítà 3 lọ bó ṣe wà yìí, torí mo máa ń tì í síwá sẹ́yìn? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ ibi tó ń jò?

Ìfági

Mítà 3 ti pọ̀ jù. Inú họ́ọ̀sì rí gbágungbàgun, ìdènà tó ń ṣe sì lè tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti páìpù tó dán. Ẹ gé e kù sí mítà 1, kí ẹ sì gbé páìpù wá pàdé ẹ̀rọ náà níbi tí ẹ ti sábà ń lò ó. Bí ẹ bá fẹ́ ti ẹ̀rọ náà kúrò, ẹ yọ họ́ọ̀sì rẹ̀.

Fún jíjò, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn àfi ọ̀kan, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ wá sun tùràrí onígi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ sì mú un kọjá lẹ́bàá ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, lóde páìpù, jìnnà sí èérún. Ibi tí èéfín náà bá ti tẹ̀ wọlé ni ẹ lẹ téèpù mọ́.